Ẹ̀kọ́ Orí Fóònù: Àkókò Ta Ni, Owó Ta Ni?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, gbogbo yín ni ẹ ti rí ìwé tí àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde. Ìwé náà ní ẹ̀bùn ni wọ́n mú wá fún wa. Wọ́n ní wọ́n ti tún ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, pé àrà tuntun ti wà nínú rẹ̀ fún olùkọ́ àti fún akẹ́kọ̀ọ́, kí oníkálukú gbé fóònù rẹ̀, kí ó parí kóòsì mẹ́fà kí oṣù tó parí. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n wá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá parí rẹ̀ yóò lọ ṣàlàyé ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Irú ẹ̀bùn wo nìyí, tí ẹni tí kò bá gbà á yóò lọ jẹ́jọ́?

Àwọn kan ti ń sọ kiri pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò fẹ́ ìlọsíwájú, pé ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ló ń bà wá. Irọ́ ni o. Àwọn bàbá wa jẹ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Àwa fúnra wa, púpọ̀ nínú wa ka ìwé mẹ́fà, a sì fi ẹ̀kọ́ alẹ́ kún un lẹ́yìn ṣíìfù, pẹ̀lú oorun lójú, pẹ̀lú ẹ̀fọn lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú owó ilé ẹ̀kọ́ tí a yọ nínú owó oúnjẹ. Ẹni tó fi owó oúnjẹ ra ìwé kò lè kórìíra ẹ̀kọ́. Ohun tí a ń béèrè yàtọ̀. Àkókò ta ni a ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí? Owó ta ni? Kí sì ni wọ́n fẹ́ fi máàkì wa ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń bá jà àti ohun tí a kò bá jà. Moodle ni orúkọ ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́ náà. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ wa ló ṣe é. Ọkùnrin ará Australia kan tó ń jẹ́ Martin Dougiamas ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 2002. Yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé ló ń lò ó. Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni: ẹnikẹ́ni lè gbà á láìsan kọ́bọ̀, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe bí ó bá ṣe wù ú. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé e lé ń gba owó, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà ń gba owó, a kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wá dúró níwájú wa ní kántíìnì pé owó gọbọi ni òun fi ra ẹ̀rọ náà, pé nítorí náà kò sí owó dátà.

Ó wá ku àwọn àrà tuntun náà. Àwa aṣojú mẹ́ta jókòó tì í, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀ka iná mànàmáná tó mọ̀ ọ́n dáadáa, a sì yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. A ó sọ òótọ́: àwọn kan nínú wọn dára, wọ́n dára púpọ̀. Láti ẹ̀dà 4.0 tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti to àkóónú kóòsì sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, tí ènìyàn fi ń rí ibi tó dé àti ibi tó kù, tí kì í fi ọwọ́ wá ọ̀nà bí ẹni tó wọ yàrá òkùnkùn. Ó ní èyí tí wọ́n ṣe fún fóònù, tí ènìyàn lè fi gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, kí ó máa kà á níbi tí kò sí. Dírébà tó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, tó ń retí kí wọ́n wá já ẹrù rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ kò rí i pé irú nǹkan báyìí yóò wúlò fún un? Ìdánwò pàápàá ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìdáhùn wọlé nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé. Ibi ìbéèrè wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ohun tí kò yé e, kí olùkọ́ dáhùn, kí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kà á. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, tàbí tí iná lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, olùkọ́ lè bu àkókò kún ìdánwò fún ẹni yẹn nìkan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Èwo nínú wọn ni wọ́n ṣí fún wa? Ìdánwò tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣí i. Kò ṣí i. Ibi ìbéèrè, wọ́n tì í pa. Àfikún àkókò, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò fún àwọn láṣẹ rẹ̀. Olùkọ́ gan-an ńkọ́? A béèrè ẹni tó jẹ́ olùkọ́ kóòsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi hàn wá: ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì, ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí, tí ọ̀rọ̀ náà sì ti sú òun alára. A kò bínú sí i. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Wọ́n gbé iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀, wọn kò fi náírà kan kún owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àrà tó ní ojú, ìyẹn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo ibi tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn ló ń kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago: ìgbà tí ẹ wọlé, ojú ìwé tí ẹ ṣí, ìgbà tí ẹ dáhùn ìbéèrè. Ó lè ti ẹ̀kọ́ kejì pa mọ́ yín títí ẹ ó fi parí èkíní. Ó ń fi àmì síwájú orúkọ ẹni tó parí, ó ń fi àyè sílẹ̀ lófìfo níwájú ẹni tí kò parí, mánẹ́jà sì lè jókòó sínú yàrá tútù kí ó ka gbogbo wa tán lójú ìwé kan. Ìdánwò rẹ̀ ní aago. Bí iná bá lọ, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, aago yẹn kì í dúró. Arábìnrin wa kan ní ẹ̀ka ìdìpọ̀ ti dáhùn ìbéèrè 8 nínú 20, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì gbà, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó lọ. Nígbà tó fi padà, àkókò ti pé, ẹ̀rọ ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fún un ní 40 nínú 100. Ní ọjọ́ kẹta, kúérì dé ọwọ́ rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi? Ẹ má sọ fún wa pé ẹ̀rọ ni. Ènìyàn ló yan èyí tí yóò ṣí àti èyí tí yóò tì.

Wọ́n tún ní òmíràn ń bọ̀. Ẹ̀dà 4.5 tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló gbé ọgbọ́n àtọwọ́dá wọ inú Moodle, èyí tí àwọn ọmọ yín ń pè ní AI. Olùkọ́ lè ní kí ó bá òun kọ ọ̀rọ̀ tàbí kí ó bá òun ṣe àwòrán. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ní kí ó gé ẹ̀kọ́ gígùn kúrú fún òun. Kì í dá ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ náà ló gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ilé iṣẹ́ òkèèrè bíi OpenAI, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì ní kí ó gé yóò jáde kúrò nínú ọgbà wa lọ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn aláṣẹ ti sọ pé àwọn yóò ṣí i láìpẹ́. Àwa ní kí wọ́n dúró ná. Ẹ̀kọ́ bọ́ílà kì í ṣe àlọ́ ìjàpá. Bí ẹ̀rọ bá gé ojú ìwé mẹ́wàá di ìlà márùn-ún, tó sì fo ìlà tó ní kí a kọ́kọ́ tú ooru tó há sínú rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ìdérí, ta ni yóò jóná? Kì í ṣe ẹni tó wà ní California. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, kí ẹni tó mọ bọ́ílà ka gbogbo ohun tó bá kọ kí ó tó dé ojú òṣìṣẹ́, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí àkókò. Ṣíìfù àárọ̀ ń parí ní aago 2. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀tà tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè mú kí ó di aago 5 kí ó tó wọlé. Kí ó dáná, kí ó gbọ́ tọmọ, kí ó tún wá gbé fóònù ní aago 9 alẹ́, kí ó máa kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹrù tí ẹ̀yìn kò fi ní dun ni, nígbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 13, sọ pé wákàtí iṣẹ́ ni èyí tí a jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tàbí tí ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ jọ dúnàádúrà rẹ̀. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀, ófátáìmù ni. Òfin náà kò sọ pé àfi tó bá jẹ́ orí fóònù. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá pàṣẹ, tó dá ọjọ́ fún, tó sì fi ìyà sí ìdí rẹ̀, iṣẹ́ ni. A kà á fúnra wa: kóòsì mẹ́fà yẹn gba ẹni tó yára jù nínú wa ní wákàtí 9, ó gba àwọn mìíràn ní 14. Èyí tó kéré jù níbẹ̀ ju odidi ṣíìfù kan lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà sí wọn. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ náà ń kọ aago gbogbo ohun tí a ṣe. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé dírébà wa kan ń dáhùn ìbéèrè ní aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 40 lóru, ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ jáde ní aago 5 ìdájí. (Kóòsì tó ń ṣe lóru ọjọ́ náà, ẹ̀kọ́ nípa ewu kí dírébà máa wakọ̀ pẹ̀lú oorun lójú ni. A kò ṣàwàdà.) Ẹlẹ́rìí tí wọ́n gbé dìde sí wa, ẹlẹ́rìí wa náà ni. Kí wọ́n tẹ ìwé aago yẹn jáde, kí a jókòó, kí a fi ka ófátáìmù ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Owó ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 sì ni 70,000 náírà. Nínú irú owó báyìí ni òṣìṣẹ́ ti ń wọ ọkọ̀, tó ti ń ra gààrí, tó ti ń san owó ilé, ibẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ kí ó ti ra dátà fún ilé iṣẹ́. Fídíò kan ṣoṣo nínú kóòsì kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó mọ ohun tó gbé mì nínú dátà yín.

Bẹ́ẹ̀ ni owó ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ wà ní ilẹ̀ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1971 ni ìjọba dá àpò owó ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ITF sílẹ̀. Òfin rẹ̀, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní ọdún 2011, ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún sínú àpò náà. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ dáadáa lè gba lára owó yẹn padà. Ìbéèrè wa kò le. Àwọn àmì tí ẹ̀rọ ń fi síwájú orúkọ wa, ṣé ẹ ti kó wọn lọ gba owó padà? Bí ẹ bá ti gbà á, ibo ló wọlé sí? Bí ẹ kò bá tíì gbà á, ẹ lọ gbà á, kí ẹ fi ra dátà fún wa.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ó ti lé ní 50 ọdún tí wọ́n ti fi èyí hàn wá. Moodle yìí fúnra rẹ̀, èdè tó lè sọ ju 100 lọ, olùkọ́ sì lè gbé ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Kí ni wọ́n wá gbé sí i fún wa? Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà, tí gbólóhùn kan gùn láti ibí dé géètì. Bàbá wa kan wà ní ẹ̀ka ẹ̀rọ ńlá, ọdún 22 ló ti lò nídìí rẹ̀. Etí lásán ni bàbá náà fi ń mọ̀ pé bẹ́ríǹ fẹ́ lọ. Ìdánwò náà fún un ní 35. Ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún tó kọjá gba 95. A bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dún ṣàkàṣàkà ní òru, ta ni fóómàn ń rán mọ́tò lọ gbé wá láti ilé?

Èyí tí a ó sọ yìí ló ń bà wá lẹ́rù jù, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ ní kí wọ́n sọ ohun tó fà á fún ẹgbẹ́ àti iye ènìyàn tí yóò kàn, kí ẹni tó dé kẹ́yìn sì kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òfin náà fi ìrù kan sí i: wọ́n lè wo ẹni tó tọ́ sí jù, ìyẹn ìmọ̀ iṣẹ́ ẹni, agbára rẹ̀, àti bóyá ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìrù yẹn ni ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Títí di àkókò yìí, bí wọ́n bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, a máa ń béèrè ẹ̀rí, wọn kì í sì í ní. Ẹ̀rí ti dé báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lé ẹni ọdún 22 torí pé owó oṣù rẹ̀ ti ga, kí wọ́n sì dá ẹni ọdún kan sí torí pé tirẹ̀ kéré, wọn yóò kàn ṣí kọ̀ǹpútà ni: 35, 95. Ó parí. A kò sọ pé wọ́n ti ṣe é. Ohun tí a sọ ni pé wọ́n ti pọ́n ọ̀bẹ, wọn kò sì sọ ẹran tí wọ́n fẹ́ fi pa fún wa.

A sọ ọ́ fún wọn lójú, ní ìpàdé oṣù tó kọjá: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé máàkì yìí kò ní wọ fáìlì ẹnikẹ́ni, pé ẹ kò ní fi fún ẹnikẹ́ni ní kúérì, pé ẹ kò ní lò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dín òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní a ń ro nǹkan jù. Bí a bá ń ro nǹkan jù, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí ló dé tí bírò kò fi kan ìwé?

Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 fún wa ní àyè kan. Ó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ pa mọ́ nípa rẹ̀, kí wọ́n sì fi hàn án. Ó tún fún un ní ẹ̀tọ́ pé kí a má fi ìdájọ́ ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu ńlá lé e lórí. Akọ̀wé ẹ̀ka ti tẹ lẹ́tà kan sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ kọ nípa òun, kí ó wá gbà á, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

A fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀ díẹ̀. A ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ: pé kò le, pé ẹ parí tiyín ní ìrọ̀lẹ́ kan. A gbà. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ta ni? Tiyín ni, wọn kò sì san án. Àti ẹ̀yin àgbà kan, tí ẹ ń gbé fóònù fún ọmọ nílé pé kí ó bá yín dáhùn: ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí yín nídìí ẹ̀rọ lọ́la, ilé iṣẹ́ yóò mú máàkì 90 jáde pé ẹ mọ ohun gbogbo tó yẹ kí ẹ mọ̀, pé àìgbọràn yín ló fà á. Ẹ gba 30 tó jẹ́ tiyín, kí a fi jà fún yín.

Ohun tí a ó gbà kò ṣòro. Kí wọ́n fún wa ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ nínú ṣíìfù, kí a fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ̀rọ ẹni tó wà níbẹ̀ ní ẹni tí yóò dúró tì í. Ní ọdún 1974 ni àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ti ṣe àdéhùn rẹ̀ ti 140 lórí ìsinmi ẹ̀kọ́ tí a ń san owó fún, èyí kì í ṣe ohun tí àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ rò lálá. Yàrá tó wà lẹ́yìn kántíìnì ṣófo láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn páálí kúrò níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá yóò gba ibẹ̀. Kí wọ́n ṣí èyí tí dírébà lè lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ̀kọ́ ààbò wà ní Yorùbá pẹ̀lú, kí wọ́n sì bẹ bàbá wa ọdún 22 yẹn pé kí ó wá fi ohùn rẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀rọ, kí wọ́n sanwó fún un. Kí wọ́n ṣí ibi ìbéèrè, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa dáhùn níbẹ̀. Kúérì arábìnrin wa ní ẹ̀ka ìdìpọ̀, kí wọ́n fà á ya.

Ìpàdé ẹ̀ka yóò wáyé ní kántíìnì ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago 3, lẹ́yìn ṣíìfù àárọ̀. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá ṣe kóòsì nílé, kí ó kọ ọjọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí àti iye dátà tó rà sínú ìwé, kí ó mú un wá. Ẹ̀yin dírébà tí ẹ kò bá ní sí nílé lọ́jọ́ náà, ẹ fi tiyín rán ẹnìkejì yín. Ẹni tó bá sì gba kúérì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó má dá a dáhùn. Kí ó kọ́kọ́ gbé e wá sọ́dọ̀ wa.